Ilé Là Ń Wò: Ẹ̀kọ́ Tí Àwọn Ìdílé Sàró Fi Sílẹ̀ Fún Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti tẹ̀lé nígbà tí ilé bá wà nítòsí, tí bàbá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìyá àgbà sì ń ki ọmọ ní oríkì láràárọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá wà ní ìkọjá òkun ńkọ́, tí ọmọ kò mọ̀ ju òpópónà Wedding tàbí Altona lọ? Ibo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò máa wò? Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín yóò ti rí ìwé tí àwọn olùkọ́ máa ń fún wọn, èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Stammbaum. Wọ́n ya igi sí i, ọmọ yóò sì kọ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sí ẹ̀ka rẹ̀, àwọn òbí bàbá, àwọn òbí ìyá, àti àwọn tí ó bí àwọn náà. Nínú iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tí ń bá àwọn ìdílé ṣe ètò ìgbáyé-gbádùn, mo ti rí ìwé yìí lórí tábìlì ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ó sì máa ń ṣófo láti ààrin lọ sókè. Ọmọ kan ní Hamburg, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọmọ kíláàsì rẹ̀ bi pé ṣé òyìnbó ni baba ńlá rẹ̀ ni. Ọmọ náà délé, ó bi ìyá rẹ̀. Ìyá ní kí ó lọ bi bàbá. Bàbá ní, "Bí a ṣe bá a nìyẹn." Ìdáhùn yìí kò tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn, kò sì yẹ kí ó tẹ́ àwa náà lọ́rùn.

Nínú ìran wa, àwọn ìdílé kan wà tí ogun já ní ilé, tí wọ́n fi orúkọ mìíràn pè, tí wọ́n sì gbé sí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, síbẹ̀ tí wọ́n tún mọ ọ̀nà ilé. Àwọn ni a ń pè ní Sàró àti Àgùdà. Mo gbà pé ìtàn wọn lè ràn wá lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni lọ.

Àwọn wo ni Sàró?

Ní ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ogun wọn ti ń ṣọ́ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí wọ́n bá mú ọkọ̀ ẹrú, wọn a kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ènìyàn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ láti ọdún 1808 títí di nǹkan bí ọdún 1860 lé ní 80,000. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun Òwu ń jà, tí ìlú lórí ìlú sì ń jóná, àwọn ọmọ Yorùbá wá pọ̀ gidigidi nínú wọn. Akú ni àwọn ará Freetown ń pè wọ́n, nítorí pé "ẹ kú" ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn bí wọ́n bá pàdé ara wọn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àtijọ́.

Wọ́n tẹ̀dó sí abúlé bíi Hastings àti Waterloo. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn sì tẹ̀dó sí Fourah Bay àti Foulah Town. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sílé. Wọ́n gba Badagry wọlé, wọ́n gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, nígbà tí ó sì yá, ọ̀pọ̀ wọn wá sí Èkó, wọ́n kọ́lé sí àdúgbò Olówógbówó. Sàró tí a ń pè wọ́n kò ju orúkọ Sierra Leone tí wọ́n ti dé lọ. Àwọn tí kò padà ni ìran wọn di ara àwọn Krio. Títí di òní, bí ẹ bá dé Freetown, ẹ ó gbọ́ kí wọ́n pe ìsọmọlórúkọ ní kọ́mọjáde, ẹ ó sì rí àsè tí wọ́n ń pè ní àwùjọ, èyí tí ìdílé máa ń sè láti fi rántí àwọn òkú wọn.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Sigismund Wilhelm Koelle ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Württemberg ni. Ó dé Freetown ní ọdún 1847, ó sì ń kọ́ni ní Fourah Bay. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti àwọn tí a gbà sílẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi wọ́n ní orúkọ wọn, ìlú tí a ti bí wọn, bí wọ́n ṣe kó wọn lẹ́rú, àti iye ọdún tí wọ́n ti lò láti ìgbà náà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ inú èdè wọn sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní ọdún 1854; èdè tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 100. Nígbà tí ó kan àwọn Akú, kò da wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó kọ ti Ẹ̀gbá sọ́tọ̀, ti Ìjẹ̀ṣà sọ́tọ̀, ti Ìjẹ̀bú, ti Ifẹ̀, ti Oǹdó, ti Ọ̀tà àti ti Yàgbà sọ́tọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí i: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti lo ọdún gbọọrọ ní àjò, síbẹ̀ nígbà tí a bi wọ́n léèrè, wọ́n dárúkọ ìlú wọn.

Ìjọba Freetown pẹ̀lú ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí: orúkọ, ọjọ́-orí, bí ènìyàn ti ga tó, ilà tàbí àpá ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà ṣì wà ní ìpamọ́, àwọn onímọ̀ sì ń ka orúkọ inú wọn láti mọ ibi tí oníkálukú ti wá. Akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ni ó kọ wọ́n bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ orúkọ Yorùbá bá kan Òjó tàbí Àìná níbẹ̀, kò ní ṣì í mọ̀.

Orúkọ ìdílé nìkan kò tó

Ibo wá ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ti wọlé? Kì í ṣe orúkọ olówó ẹrú ni, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Níbi ìrìbọmi tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ti gbà á: orúkọ míṣọ́nárì, orúkọ gómìnà, orúkọ ẹni tí ó fi owó ran ìjọ lọ́wọ́ láti London.

Ẹ wo Àjàyí, ọmọ Òṣogùn. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun tí ń jẹ́ Myrmidon gbà á sílẹ̀. Ó ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, wọ́n fi orúkọ àlùfáà kan ní London sọ ọ́, ó sì di Samuel Crowther. Kò bá àlùfáà náà tan rárá. Bí ó bá jẹ́ pé Crowther nìkan ni ó gbé dání wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n ó ṣì mọ̀ pé Àjàyí ni òun, pé ọmọ Òṣogùn ni òun, pé Àfàlà ni ìyá òun. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ìyá àti ọmọ fojú kan ara wọn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ láti jáde lẹ́nu wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn ni. Ní ọdún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Wọ́n rí i pé ìyá ẹni tí ń jẹ́ Sámúẹ́lì kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ tí kò bá ti ọmọ rẹ̀ mu.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1864 ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ọmọbìnrin rẹ̀, Abigail, bí ọmọkùnrin kan ní Èkó. Ọkọ Abigail ni Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Orúkọ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan ni ọkọ yìí ń jẹ́ láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n Òjó ni orúkọ bàbá tí ó bí i, ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ọmọ tí Abigail bí náà ni Herbert Macaulay, tí ó di àgbà òṣèlú ní Èkó, tí ó sì kú ní ọdún 1946. Bí ẹ bá tẹ̀lé orúkọ ìdílé nìkan, ẹ kò ní rí Crowther nínú ìran Herbert Macaulay láéláé, nítorí ọ̀nà ìyá ni ó gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀ka ìyá ṣófo lórí ìwé ọmọ yín.

Ẹ tún wo James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ńlá ní Èkó, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ wa. Abúlé Bathurst ní Sierra Leone ni a ti bí i ní ọdún 1828. Ní ààrin gbogbo orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyẹn, Labulo dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1862, ní Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ Sarah Forbes Bonetta. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ni ó kó Sarah nígbà tí wọ́n fọ́ Òkè-Ọdàn ní ọdún 1848. Forbes ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ tí ó gbà á lọ́wọ́ ọba Dàhọ̀mì ní ọdún 1850, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ náà. Àìná ni a mọ̀ ọ́n sí nínú ìtàn, gbogbo wa sì mọ ohun tí Àìná túmọ̀ sí: ọmọ tí ó gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wá sáyé ni. Ẹni tí ó bá mọ Forbes Bonetta nìkan mọ ọkọ̀ tí ó gbé e. Ẹni tí ó bá mọ Àìná mọ̀ pé ìyá kan bí i, àwọn kan sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n mọ bí a ṣe ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

Nígbà tí ó di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sàró kan ní àwọn kò jẹ́ orúkọ àjò mọ́. Edmund Macaulay di Kitoye Ajasa ní ọdún 1893. David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, di Mojola Agbebi ní ọdún 1894. Ìdílé Macaulay tí Ajasa ti jáde yàtọ̀ sí ti Herbert Macaulay. Èyí fi hàn pé ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí wọ́n má sì bára tan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n sì jẹ́ ọmọ ìyá kan. Ẹni tí ó yí orúkọ padà kò ṣẹ̀, ẹni tí kò yí i padà kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí i padà tí kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ ti ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọmọ náà.

Ìwé tí ó sọnù

Ẹ ó ti gbọ́ orúkọ Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ọmọ Sàró ni. Hastings ni a ti bí i ní ọdún 1846. Bàbá rẹ̀, Henry Erugunjimi Johnson, jẹ́ ìran Aláàfin Abíọ́dún. Nígbà tí ìdílé náà padà sílé, Ìbàdàn ni wọ́n wá, ọ̀dọ̀ David Hinderer, míṣọ́nárì ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni bàbá náà sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí a bí sí àjò ni ó wá di ẹni tí ó jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, tí ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ rántí èyí bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ tí a bí sí Jámánì kò lè mọ ìtàn ilé.

Johnson parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901, kò fojú kan ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó gbogbo àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún un kọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1916, nígbà ogun àgbáyé, wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì tí ń jẹ́ Möwe mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ọdún méjì kọjá kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Obadiah náà kú ní ọdún 1920. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ká ní Obadiah kò rí àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí nípa àwọn baba wa ìbá ti bá àwọn arọ́kin wọnú ilẹ̀.

Àwọn Àgùdà

Àwọn Àgùdà gba ọ̀nà mìíràn. Bràsíl ni a kó wọn lọ. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dì ní ìlú Salvador ní Bahia ní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ gbógun ti àwọn ọmọ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà. Àwọn tí ó dé Èkó kọ́ Pópó Àgùdà, wọ́n mú iṣẹ́ ọ̀lé àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà Bràsíl wá, wọ́n sì ń jẹ́ da Silva, da Rocha, Pereira, Martins. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wà nínú wọn. Bí ẹ ti rí Labulo láàárín orúkọ Davies, bẹ́ẹ̀ náà ni Esan dúró láàárín João àti da Rocha.

Àwọn mìíràn dúró ní Àgúé, ní Ouidah, ní Porto-Novo àti ní Lomé. Ìdílé Olympio ní Tógò jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìdílé wọ̀nyí, Bràsíl ni baba ńlá wọn ti dé. A bí Sylvanus Olympio ní ọdún 1902, nígbà tí Tógò wà lábẹ́ Jámánì, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ará Jámánì ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Òun ni ó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Tógò. Bí àwọn ọmọ yín bá ní ọ̀rẹ́ láti Tógò tàbí Benin tí orúkọ ìdílé wọn jọ ti Potogí, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn léèrè. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn baba wọn rìn.

Kì í ṣe ohun ìtìjú

Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹrú ni. Wọn kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́ pé wọ́n ta ẹnìkan nínú ìdílé rí, pàápàá ní ilẹ̀ tí àwọn ọmọ mìíràn lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kò ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tí ó kó o ni ó ṣe é.

Ní ti ẹni tí ó kó o, ẹ má ṣe bu irọ́ mọ́ ọn. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà pẹ̀lú àwọn Fúlàní tí ó fọ́ Òṣogùn. Òyìnbó ra, àwa náà tà. Ọmọ ọdún méje kò nílò ju pé, "Ogun jà, wọ́n kó baba ńlá wa lọ, ó jìyà, ó sì padà." Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí ó ti ẹnu yín gbọ́ ọ kí ó tó ti ẹnu ẹlòmíràn gbọ́ àbọ̀ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ mi, kì í ṣe òtítọ́ tí ó nira ni mo ti rí tí ó ń da ọmọ láàmú jù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ọmọ tí wọ́n dákẹ́ fún yóò ronú pé nǹkan kan burú nínú òun fúnra rẹ̀.

Ohun kan náà ni mo sọ nípa ọ̀rọ̀ inú ilé: ìyàwó méjì, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá tọ́ dàgbà, bàbá tí kò sí nílé. Ìwé igi yẹn kò ní àyè fún ìyàwó méjì tàbí ìyá tí ó gba ọmọ tọ́. Ẹ sọ fún olùkọ́ pé ìdílé yín tóbi ju ìwé náà lọ, kí ẹ sì lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn.

Àwa náà kì í ṣe àlejò àná

Àwọn ọmọ wa máa ń rò pé ìtàn tiwa àti ti Jámánì kò pàdé títí di ọjọ́ tí àwọn òbí wọn fi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé-iṣẹ́ O'Swald àti Gaiser láti Hamburg ní ibùdó ní Èkó. Wọ́n ń kó owó ẹyọ wá, wọ́n sì ń kó epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ lọ. Ẹsẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ nínú orúkọ yín, ọ̀nà tí Richard Lepsius, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin, là sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1855 fún kíkọ èdè gbogbo àgbáyé, ni àwọn míṣọ́nárì tẹ̀lé nígbà tí wọ́n ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ ọmọ yín, ẹ má ṣe tijú láti fi ẹsẹ̀ sí i.

Àwọn ìdílé dúdú kan sì ti wà níhìn-ín ṣáájú wa. Mandenga Diek, ọmọ Duala ní Kamẹrúùnù, dé Hamburg ní ọdún 1891, ó sì gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní ọdún 1896. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ la ìgbà Hitler já, wọ́n sì sọ ìtàn wọn nínú ìwé Farbe bekennen tí ó jáde ní Berlin ní ọdún 1986. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe àkójọ ìwé náà ni Katharina Oguntoye, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Jámánì. Ní ọdún 1997 ó gbé ìwé mìíràn jáde lórí ìtàn àwọn ènìyàn dúdú ní Jámánì láti ọdún 1884 títí di 1950. Bí ọmọ yín bá ka orúkọ yẹn lára ìwé ní ilé ìkàwé, yóò mọ̀ pé orúkọ tí ó dún bíi tirẹ̀ ni.

Kí ni kí a ṣe?

Èkínní, ẹ pe àgbàlagbà tí ó kù nílé lórí tẹlifóònù ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má kàn bi í pé "Ẹ sọ ìtàn ìdílé wa fún mi," nítorí ìbéèrè náà ti pọ̀ jù. Ẹ bi í pé: Ta ni ó bí yín? Agbo-ilé wo ni ìyá yín ti wá? Kí ni oríkì yín? Ta ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ìdílé tí a ń jẹ́ yìí, níbo ni ó sì ti gbà á?

Èkejì, bí àgbà kò bá mọ ọdún, ẹ bi í ní ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà: ṣé ṣáájú ogun Hitler ni, tàbí lẹ́yìn òmìnira, ta ni ó wà lórí oyè? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń ka ọdún.

Ẹ̀kẹta, fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: orúkọ àbísọ tàbí àmútọ̀runwá, ìlú, agbo-ilé, àti oríkì. Orúkọ ìwé lè yí padà, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ẹni tí ó wà nílé fi lè dá ọmọ mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo bí orúkọ ti rí lórí ìwé ẹ̀rí. Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú Jámánì kò ti máa ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé Nàìjíríà bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń rán ẹni lọ wádìí nílé. Bí Standesamt bá rí orúkọ kan tí a kọ ní ọ̀nà mẹ́ta, ìbéèrè yóò pọ̀. Bí ẹ bá ti kọ ìtàn orúkọ náà sílẹ̀, tí àwọn ará ilé sì mọ̀ ọ́n, ìdáhùn yín yóò bá tiwọn mu.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní èdè Jámánì, ẹ sì ṣe ẹ̀dà méjì ó kéré tán. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí èkejì wà lọ́wọ́ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n yín ní ìlú mìíràn. Ẹ ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Johnson.

Ẹ̀kẹfà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, Àjàyí kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá lọ nígbà tí wọ́n kó o kúrò ní Òṣogùn. Ohun tí ó fi rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25 ni ohun tí wọ́n ti fi kọ́ ọ kí ó tó pé ọdún náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa níhìn-ín kò tíì pé ọdún méjìlá. Àyè ṣì wà.

Olúwa yóò bá wa wò wọ́n. Ẹ kú ọmọ, ẹ kú ilé, kí àjò má ṣe gùn jù wá lọ o.